Ọ́ìlì Òkè Òkun Nínú Mọ́tò Tó Ti Gbó

Inú mi tètè máa ń ru. Kì í ṣe ohun tí mo fi ń yangàn o. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Ṣakí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta ata lọ́jà náà mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ bú u kí n tó mọ oore tó máa ṣe fún mi. Tí mo bá rántí rẹ̀ di òní, ojú ṣì máa ń tì mí, lẹ́yìn náà ni màá ṣàdúrà fún un.

Ìgbà yẹn, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ní ká máa wa mọ́tò ní apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n a ti wọ àkókò tí à ń tò lórí ìlà nítorí ọṣẹ àti ṣúgà. Mò ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ó sì fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, mọ́tò aláwọ̀ ewé kan tó ti dàgbà ju gbogbo ọmọ kíláàsì mi lọ. Obìnrin tó ń wakọ̀ kò pọ̀ nílùú nígbà náà. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé mi, wọ́n á máa pariwo, "Àǹtí onímọ́tò!" Èmi náà á wá na ọrùn. Ó máa ń dùn mọ́ mi, kí n má purọ́.

Ohun tí mo ń fi mọ́tò náà ṣe jù lọ ni pé mo fi ń lọ wo bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá mi. Ìdí òfì ni wọ́n bí i sí, ìdí òfì ló ti tọ́ wa, ibẹ̀ náà ló jókòó sí lẹ́yìn tí ìyá wa kú, tí gbogbo wa sì ti tú ká. Àmọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú ohun tí mò ń sọ yìí, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀. Ojú òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní kò burú, ọ̀tún ṣì wà. Nígbà tó yá, ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Síbẹ̀ kò kúrò nídìí òfì. Ọwọ́ ló fi ń ríran. Ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo oríṣi òwú tó wà láyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò mọ àwọ̀. Bí mo bá ti wọlé báyìí, á na òwú sí mi, á ní, "Ìyá mi, àwọ̀ wo nìyí?" Ìyá mi ló máa ń pè mí, ó ní mo jọ ìyá òun.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, oníbàárà kan gbé aṣọ padà wá. Ó ní pupa ló wà níbi tí òun ti ní kí wọ́n fi aró sí. Èmi ni mo dìde sí i. Mo sọ̀rọ̀ sí obìnrin yẹn débi pé ó ń wá bàtà rẹ̀ tí kò rí i. Bàbá mi ní kí n dákẹ́. "Òótọ́ ló sọ, ọmọ mi," ló wí. "Mi ò rí i." Ó ká aṣọ náà, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì hun nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹkún ni mo sun nínú mọ́tò padà sí Ṣakí.

Ọlọ́run ṣàánú wa. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ kàwé ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn pé dókítà ojú kan ti òkè òkun dé, pé ó lè ṣí nǹkan funfun náà kúrò kí ènìyàn sì tún ríran. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló fẹ́ lò. Wọ́n kọ orúkọ bàbá mi sílẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ṣe é, Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ti wọ ilé ìwòsàn, kí ilẹ̀ tó ṣú. Nọ́ọ̀sì náà kìlọ̀ fún mi dáadáa: ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, dókítà náà á sì ti padà sílùú rẹ̀ kó tó tún kàn án. Ojú ọ̀tún yẹn kò sì lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò fi ọkọ̀ èrò gbé e lọ. Bàbá mi ti já bọ́ lára ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́ láé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, epo bẹntiróòlù wọ́n lóṣù náà, èrò lè jókòó sí gáréèjì láti àárọ̀ títí di alẹ́ kí ọkọ̀ má gbéra. Mo ṣèlérí fún bàbá mi pé èmi ni màá gbé e lọ, pé kó fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì wá kàn báyìí. Ní oṣù bíi méjì ṣáájú Sátidé yẹn, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì fi páálí kan rán ẹnì kan sí mi. Agolo ọ́ìlì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, agolo tó ń dán, tí mo fi lè wo ojú ara mi. Ó kọ lẹ́tà sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ọ́ìlì àtijọ́ ba mọ́tò yín jẹ́ mọ́. Èyí, wọn ò kàn fà á látinú epo rọ̀bì bí èyí tí à ń lò nílé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló jókòó tì í, tí wọ́n pò ó fúnra wọn. Ooru kì í jó o, òtútù kì í mú kó dì. Odindi ọdún kan lẹ máa lò ó kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀." Mo ka lẹ́tà náà ní àkàtúnkà. Mo kà á fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ́ìlì tí wọ́n kì í pààrọ̀ fún ọdún kan! Mo gbé páálí náà, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Abẹ́ igi òrí kan lójú ọ̀nà Ògbooro ni mẹkáníìkì mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, kò sì kàwé. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó padà wálé, ó ń dáko mọ́ ọn. Ó ṣí agolo kan, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wá ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń yẹ oyin wò kó tó rà á. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Àǹtí Tíṣà," ló wí, "ọ́ìlì yìí dáa o. Mi ò fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí. Àmọ́ ó ṣàn jù fún mọ́tò yín. Ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó. Àwọn rọ́bà tó dí ojú ibi tí ọ́ìlì lè gbà jáde, wọ́n ti gan, wọ́n ti sán. Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ló ń bá wọn dí i. Tí èyí bá wọlé, á fọ ìdọ̀tí yẹn dànù, á sì wá ọ̀nà jáde. Ẹ jẹ́ n rọ ọ́ìlì tó ki tí à ń lò sí i, ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Eruku ọ̀nà wa yìí pàápàá, kò sí ọ́ìlì tó máa gbé e mì fún ọdún kan. Ẹ fi èyí pamọ́ di ìgbà tí ẹ bá ra mọ́tò tuntun."

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n bí? Ṣé mo wá gbọ́? Kí ẹ lè mọ bí mo ṣe ya olórí kunkun tó, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló níyì. Èyí tó ki, aṣọ oko ni wọ́n ń fi í hun. Láti kékeré ni bàbá mi ti máa ń fi òwú oríṣiríṣi sí mi lọ́wọ́, á ní kí n dijú, kí n mú èyí tó dáa jù. Èyí tí ọwọ́ mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé òun dì mú ni mo máa ń mú, á sì yìn mí. Nígbà tí èmi náà wá fọwọ́ kan ọ́ìlì yìí, tí mo rí i bó ṣe rọra ń yọ̀ lọ láàárín ìka mi, kí ni mo tún ń wá? Mo gbé ìmọ̀ òfì lọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ahunṣọ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Inú bá bí mi. Mo ní, "Ìwọ tí o ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Sọ pé ọ́ìlì tí ò ń tà lo fẹ́ kí n rà, kí n mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ!" Àwọn tó ń dúró de mọ́tò wọn ń wò wá. Ẹnì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí mo máa ń kí pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," mo pè é ní ìwọ níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí." Ó da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó rọ agolo mẹ́rin sí i bí mo ṣe fẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ gbéra, ó tẹ̀ mọ́ fèrèsé mọ́tò. "Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ní gbogbo Jímọ̀ọ̀, ẹ bá mi fa géèjì yọ, kí ẹ wò ó." Géèjì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kù sí nínú ẹ́ńjìnnì. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fà á yọ, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ́ìlì náà mọ́, ó pé. Mo ní, "Ẹ wò ó, mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ẹ́ńjìnnì náà sì rọ̀ wọ̀ọ̀ lóòótọ́, ó ń lọ láìpariwo. Mo kọ̀wé sí àbúrò mi pé kó rán òmíràn wá.

Bàbá onílé mi ti ṣe àtíbàbà kan fún mọ́tò náà, òpó igi mẹ́rin tí ó fi páànù lé lórí. Ikán Ṣakí kì í sì í fi òpó igi ṣeré. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe sí i ni pé wọ́n á lọ gba ọ́ìlì tí mọ́tò ti lò gbó lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, wọ́n á fi kun ìdí òpó, wọ́n á sì da èyí tó kù sílẹ̀ yí i ká. Ọdọọdún ni bàbá ń ṣe é tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ abẹ́ àtíbàbà wa fi máa ń dúdú tó sì máa ń rùn. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi tó tutù, tó dúdú lábẹ́ mọ́tò, kò tiẹ̀ kọ mí lóminú rárá. Mo ní bàbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdún yìí nìyẹn. Mo kí i lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹ kú iṣẹ́ òpó o, bàbá." Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó rò pé ti èṣí ni mò ń kí òun fún.

Sátidé náà dé. Mo kírun àárọ̀ tán, mo gbé ẹrù sínú mọ́tò, mo sì tan mọ́tò. Ó ń dún kà-kà-kà, mo ní òtútù àárọ̀ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ jáde lábẹ́ àtíbàbà ni alùpùpù kan já wọlé kíákíá. Mẹkáníìkì ni. Ó ju alùpùpù náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sá wá dúró síwájú mọ́tò mi, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ pa á! Àǹtí, ẹ pa á!"

Mo fun fèrè. Kò yẹ̀. Mo tún fun ún. Ọkàn mi ti wà ní Ìsẹ́yìn, mo ti ń fojú inú wo bàbá mi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń dúró dè mí. Mo yọ orí síta, mo kígbe mọ́ ọn pé, "Kúrò lọ́nà! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Yéè. Èmi, ọmọ bàbá mi, èmi ni mo sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ ló pa mọ́tò náà.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì yọ, ó gbé e wá síwájú mi. Irin náà gbẹ. Ó fi aṣọ nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ, ó ṣì gbẹ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni bàbá onílé mi fẹsẹ̀ rìn dé, tòun ti kẹ́ẹ̀gì kékeré lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ti lọ bá mẹkáníìkì láàárọ̀ náà kó fún òun ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí òun máa fi kun òpó. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, mo kọjá níwájú ilé yín lánàá, mo rí i tí ilẹ̀ dúdú. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti kùn ún ni?" Bàbá ní, "Èwo? Mi ò tíì fọwọ́ kan òpó láti ìgbà ọyẹ́ èṣí." Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu òun tí ọkùnrin yìí ti fò sórí alùpùpù.

Mẹkáníìkì ti na páálí sílẹ̀, ó ti wọ abẹ́ mọ́tò. Nígbà tó jáde, ó ní rọ́bà ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló ti sán, ibẹ̀ ni ọ́ìlì òkè òkun gbà lọ tán. Ó ní ká ní mo rin ìdajì ọ̀nà Ìsẹ́yìn báyẹn, ẹ́ńjìnnì náà ì bá kú sójú ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rọ́bà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ọ́ìlì yẹn, mo bú sẹ́kún. "Bàbá mi! Ojú bàbá mi ti lọ! Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ́ ọ!" Mẹkáníìkì kò mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá onílé ló sọ fún un pé ilé ìwòsàn ni mò ń gbé bàbá lọ, pé tónìí bá ti kọjá, ó parí nìyẹn.

Ọkùnrin náà gbójú wo oòrùn. Ó wo ọ̀nà Ògbooro títí, n kò mọ ohun tó ń wò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Aago mélòó ni wọ́n ní kí wọ́n dé?" Mo ní kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní, "Ẹ dìde, Àǹtí. Ọ́ìlì tó ki á jò, àmọ́ á rọra jò. A ó máa dúró, a ó máa bù ú sí i. Màá bá yín lọ." Ó gun alùpùpù lọ gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì méjì wá láti ìsọ̀ rẹ̀, ọ́ìlì tó ki, aláwọ̀ bí oyin, èyí tí mo ní ó fẹ́ tà fún mi tipátipá. Ó rọ ọ́ sí i. Ó ní kí n tan mọ́tò. Kà-kà-kà náà dákẹ́.

Alihamdulilahi. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ.

A gbé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Iwájú ló jókòó, mẹkáníìkì wà lẹ́yìn pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá rìn díẹ̀, á ní, "Ẹ dúró níbí," á bọ́ sílẹ̀, á wo géèjì, á bu ọ́ìlì sí i, a ó tún máa lọ. Nígbà tí a dúró lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi ní, "Ìyá mi, kí ló ń ṣe mọ́tò rẹ?" Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan èébú tí mo bú ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa, tó sì ń gbọ́. Bàbá mi kò bá mi wí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ́ìlì méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn agolo òkè òkun tí a ti rọ ṣì wà nínú búùtù, díẹ̀ sì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n da díẹ̀ sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n da èyí tó ki sí òsì. Ó ń fi ìka ra wọ́n, ó gbójú sókè bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń yan òwú.

"O ò purọ́, ìyá mi," ló wí. "Èyí tẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí. Àmọ́ òfì àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ńkọ́, tí gbogbo igi rẹ̀ ti jẹ, tó ti lálàfo káàkiri? Ṣé o rí mi kí n ta òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i rí? Inú gbogbo àlàfo ni á máa bọ́ sí. Òwú tó ki ni mo fi ń lo òfì yẹn títí di òní. Ìwọ tí mo tọ́ dàgbà nídìí òfì, o ò bi ara rẹ pé òfì wo ló fẹ́ mú un?"

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá! Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, ẹnu mi ò gbé e." Àwọn méjèèjì wá ń rẹ́rìn-ín mi. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé. Nọ́ọ̀sì tó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́ wo bàbá mi, ó wo aṣọ mi tó dúdú fún ọ́ìlì, ó ní díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ó mú un wọlé. Mẹkáníìkì gbé mọ́tò lọ sí ìsọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà kan, ibẹ̀ ló ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ní Sọ́ńdè, tó sì pààrọ̀ rọ́bà náà. Kò padà sí Ṣakí títí mọ́tò fi dára.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lójú bàbá mi, mo dúró níwájú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, o rù o. Ṣé o kì í jẹun ni?"

Ìgbà tí mo padà sí Ṣakí ni bàbá onílé pè mí jókòó. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Mi ò mọ̀. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ rẹ̀ ni, ó kàn yà sí ìsọ̀ kó tó máa lọ sóko ni. Ẹni tó bá bẹ àwọn èèyàn lọ́wẹ̀ láti bá a kọ ebè iṣu, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ máa sá sókè sódò láàárín wọn, tí ìyàwó rẹ̀ á sì gbé oúnjẹ dé. Àwọn èèyàn bí ogún dé oko rẹ̀ ní Ògbooro láàárọ̀ Sátidé yẹn, wọn ò bá olóko. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n, kò mọ ohun tó máa sọ, torí òun náà ò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ. Wọ́n ní ó fi àwọn ṣẹ̀sín. Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n lọ. Nígbà tó dé láti Ìbàdàn, ilé dé ilé ló lọ bẹ̀ wọ́n. Díẹ̀ nínú wọn gbà. Àwọn yòókù ò gbà, òun nìkan ló kọ ebè tó rí kọ lọ́dún náà.

Mo dìde, mo lọ sí abẹ́ igi òrí. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀ bíi ti ọjọ́sí. Níṣojú wọn ni mo ti bú u, níṣojú wọn náà ni mo ti kúnlẹ̀. Ó ń fà mí lápá sókè. "Àǹtí, ẹ dìde, ilẹ̀ ibí kún fún ọ́ìlì, aṣọ yín á bàjẹ́." Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi pé ọjọ́ ọ̀wẹ̀ òun ni. Ó ní, "Ká ní mo sọ, ṣé ẹ máa gbà kí n bá yín lọ?" Mo ní bóyá ni. Ó ní, "Ẹ ò rí i?" Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Agolo mẹ́rin tó kù ńkọ́? Ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà títí ọkọ mi fi ra mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọkùnrin yìí kan náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí wọn, ó ní, "Ó tó àsìkò báyìí." Ó dára gan-an nínú mọ́tò náà. A kò jẹ́ kó pé ọdún kan ṣá o. Ọ́ìlì yẹn ò ní ẹ̀bi kankan, èmi ni mo gbé e sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ́dún tí bàbá mi tún ríran yẹn gan-an, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gbé òun wá sí Ṣakí. Ó ti hun aṣọ kan, àkọ́kọ́ tó fi ojú rẹ̀ hun láti ọjọ́ pípẹ́, aró àti funfun, òwú tẹ́ẹ́rẹ́, lórí òfì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Kò jẹ́ kí n bá a gbé e. A dé abẹ́ igi òrí. Mẹkáníìkì ti ki orí bọ ẹ́ńjìnnì kan. Nígbà tó yọjú, tó rí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàbá mi ti rìnrìn àjò ọjọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ojú rẹ̀ rí. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó wá na aṣọ náà sí i.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sẹ́yìn. "Háà, bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Ọwọ́ mi dọ̀tí."

"Mo rí i," bàbá mi wí.

"Ó dúdú, bàbá, á ba aṣọ jẹ́."

"Mo ní mo rí i. Mo rí i pé ó dúdú. Mo rí eékánná rẹ tó ya yẹn. Mo rí ọ́ìlì tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó gbà á. Nígbà tó fi máa ká a mọ́ra, àmì ìka rẹ̀ méjì ti hàn lórí ibi tó funfun, gbàgàdà. Ó fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀, bàbá mi ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ti yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tọ́ka sí ojú ibi tí ọ́ìlì wà lára aṣọ náà.

"Ìyá mi," ló wí, "àwọ̀ wo nìyí?"

Ẹkún ò jẹ́ kí n dáhùn. Ó wá dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ní dúdú ni.